Sàfúrátù Kò Tíì Ṣínu

Ife tánganran kan wà lórí ìdérí àmù láàárọ̀ ọjọ́ tí Ràmọ́nì ń lọ sí Ìbàdàn, omi kún un dé ẹnu. Ràmọ́nì dúró, ó ń wò ó. Ife búlúù ni, etí rẹ̀ kán níbì kan, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó ife náà mọ́ ẹrù ìyàwó rẹ̀ tó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tó fi ṣe sàráà fún obìnrin kan tó ń lọ sí Ìjìó. Ìjìó kì í sì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

"Àdìjátù, ta ló gbé ife yìí síbí?"

"Ife wo, Baba?" Àdìjátù ọmọ rẹ̀ ti yàrá jáde. Kó tó débẹ̀, orí ìdérí àmù ti ṣófo. Àmì omi roboto ló kù níbẹ̀, ọyẹ́ sì ti ń fà á gbẹ.

Ràmọ́nì fi àtẹ́lẹwọ́ nu àmì náà kúrò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nǹkan kan ti ń wú sí i nínú láti ìgbà ìkórè ẹ̀gúsí. Àwọn dókítà ní àfi kí àwọn fi ẹ̀rọ ńlá tuntun kan ya inú rẹ̀, kí àwọn tó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ṣì lè gbà á là. Ẹ̀rọ náà ò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, ó di oṣù mélòó kan, ohun tó wà nínú Ràmọ́nì ò sì jọ ohun tó máa dúró de oṣù mélòó kan. Ó tún wá ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí Nọ́ọ̀sì Mojọlá fi pè é jókòó lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tó ń ka òfin sí i létí: kó má jẹun láti ìdájí ọjọ́ náà, kó má lo oògùn ṣúgà rẹ̀ títí àwọn á fi ní kó lò ó, kó mumi dáadáa, kó sì fi ṣúgà sápò, bí òòyì bá kọ́ ọ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ẹ sọ fún ládánì mọ́sálásí kan ní Òfìkì pé kó má jẹun láti ìdájí, kí lẹ rò pé ó máa pè é bí kò ṣe ààwẹ̀? Kí Ràmọ́nì tó délé, ọ̀rọ̀ omi ti já bọ́ lọ́nà. Kódà, ó gba ààwẹ̀ àná mọ́ ti òní, kí ààwẹ̀ náà lè lágbára. Ó jí sààrì, ó jẹ ọkà díẹ̀, ó dá àníyàn. Nígbà tí Àdìjátù bu omi fún un, ẹ̀rín ló rín.

"Ká má jẹun ká máa mumi? Ààwẹ̀ ọmọdé nìyẹn."

Ó ní ìdí mìíràn tí kò sọ. Inú oṣù ààwẹ̀ ni Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ kú. Òùngbẹ ló pa á, gbogbo Òfìkì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí dókítà tó sọ fún Ràmọ́nì pé ó jọ pé ìtọ̀ ṣúgà yìí náà ló ti ń bá obìnrin náà jà. Ohun tí Ràmọ́nì sọ fún Sàfúrátù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kú, kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí. Òun náà á gbẹ lónìí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ dúró ní Ìsẹ́yìn, Àdìjátù sì sọ̀kalẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Ahọ́n Ràmọ́nì ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ọwọ́ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó na ife sí i. Ife búlúù. Àpá epo àkàrà wà lọ́rùn ọwọ́ náà, àpá tí Ràmọ́nì fúnra rẹ̀ fi àdín pa títí tó fi jinná. Òórùn amọ̀ tútù ń jáde lára omi náà. Ẹni tó na ife ò sọ̀rọ̀. Èémí rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, ó ń há lọ́fun.

"Aúsù bílláhi," Ràmọ́nì sọ lábẹ́lẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó bá gba mímu lọ́wọ́ òkú, ó ti gbà láti bá a lọ nìyẹn? Ó ti gíláàsì. Nígbà tó tún máa wòta, kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n omi ti kán sí i lórí itan, ó sì tutù.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Mojọlá fi ìka fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè. Awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá, ẹ ti gbẹ! Abẹ́rẹ́ kan bí aró la máa ta sí yín níṣan kí inú yín lè hàn nínú fọ́tò. Kíndìnrín ló máa sẹ́ ẹ dànù. Tí a bá ta á sí yín ní gbígbẹ báyìí, pẹ̀lú ìtọ̀ ṣúgà yìí, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ mumi kíá, ká tún fa omi sí yín lára. A ṣì lè yà á nírọ̀lẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yín yẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ọ pé n ò mumi?"

"Ìyá tí ẹ rán ṣíwájú ni. Wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn kí n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Wọ́n ní, 'Bàbá Àdìjátù ń bọ̀ láti Òfìkì. Ó ti sọ àìjẹun tí ẹ ní kó ṣe di ààwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọnú ẹ̀rọ ní gbígbẹ.'"

Àdìjátù yíjú sí bẹ́ńṣì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ife búlúù ló wà níbẹ̀, ó ṣófo.

"Mo ní kí àwọn náà mumi," Mojọlá ní, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, "torí ètè wọn ti sán. Wọ́n ní àwọn ò lè mu ún. Wọ́n ní ọkọ àwọn ò tíì ní kí àwọn ṣínu."

Ràmọ́nì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Baba," Àdìjátù ní, "kí lẹ sọ fún ìyá mi?"

"Ó ní òùngbẹ ń pa òun. Oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀. Mo ní ìyàwó ládánì kọ́ ni wọ́n máa bá nídìí àmù nínú ààwẹ̀. Mo ní, 'O ò gbọdọ̀ mu ún, àfi tí mo bá ní kó o ṣínu.' Mo wá lọ pe ìrun. Nígbà tí mo fi máa padà dé…"

Inú bí Àdìjátù, omijé sì bo ojú rẹ̀. Ó gbé ife náà, ó pọn omi kún un lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó gbé e padà sórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ ní kí wọ́n mu ún."

Ràmọ́nì kọjú sí bẹ́ńṣì náà. Ohùn tó fi ń pe ìrun ló fi sọ ọ́, bó tilẹ̀ ti há.

"Ìyá Àdìjátù, àkókò ti tó. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ṣínu."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ ọ: ọ̀fun kan ń gbé omi mì, kò kánjú, ó ń sinmi, ó tún ń mu. Omi inú ife ń fà wálẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi hàn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan mí kanlẹ̀.

"Alihamudulilai."

"Jésù o," Mojọlá sọ, ó di ara ògiri mú.

Àdìjátù ló kọ́kọ́ rìn. Ó tún bu omi kún ife náà, ó gbé e fún bàbá rẹ̀.

"Ó kàn yín, Baba."

Ràmọ́nì wo omi náà. Ó rántí fèrèsé Ìsẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó gbé e sẹ́nu. Omi náà tutù, ṣùgbọ́n etí ife, níbi tí ètè rẹ̀ kàn, ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnu ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.