Àwòdì Ní Orí Òkè Mọ́ Kedere

Àwòdì ní ẹ́ńjìnnì bàálù òun kú lójú ọ̀run lọ́jọ́ kan, ni òun bá yọ orí síta lójú fèrèsé, òun fi ẹnu fẹ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, fù, fù, fù, títí ó fi yí. Ó ní àwọn lékeléke tó ń kọjá lọ tún bá òun ti ìdí bàálù náà. Ó ní nígbà tí òun fi délé, ọbẹ̀ tí ìyàwó òun gbé kaná kò tíì hó.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí o bá gba èyí gbọ́, jọ̀ọ́ wá, mo ní ẹṣin oníwo kan tí mo fẹ́ tà fún ọ.

Àwòdì kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Táyà ọkọ̀ ló ń tà. Ṣùgbọ́n ó ní bàálù kékeré kan, pupa fòò, tó fi máa ń fò kiri ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ ní pápá náà. Wọn kì í fi bàálù jẹun, ìfẹ́ rẹ̀ ló ń gbé wọn gòkè. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ní yàrá ìpàdé kan tí páànù orí rẹ̀ máa ń dún kọ̀ bí oòrùn bá ti mú.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ẹnikẹ́ni kò fò. Tíṣà ti kú.

Tíṣà yìí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Kí ó tó wọ bàálù, yóò yí i po, yóò kàn án wò, yóò gbóòórùn epo rẹ̀, bí ìyá ìyàwó ṣe ń yẹ ọkọ ọmọ rẹ̀ wò. Síbẹ̀ òun ló wọ inú ìkùukùu lọ, tó lọ forí sọ òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wá ẹni tí yóò ra bàálù rẹ̀. Ìyàwó òmíràn ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ sin sínú àpò ìrẹsì. Àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Tíṣà ti dàgbà jù. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí èmi.” Aṣọ tí àwọn awabàálù máa ń dà bora nìyẹn kí oorun lè kùn wọ́n.

Bàbá Alága gbọ́ wọn. Ó ní, “Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹ wọn ara rẹ̀, ká tètè rán aṣọ òkú rẹ̀ sílẹ̀.”



Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ yìí máa ń ṣe bí ẹnì kan bá kú nínú bàálù. Wọ́n á fi ẹfun ya ilẹ̀ yàrá náà: pápá rèé, odò rèé, òkè rèé. Gbogbo ẹni tó bá wà lókè lọ́jọ́ náà yóò dìde, yóò fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó fò, yóò sì sọ ohun tó rí. Kì í ṣe láti bú òkú. Kí alààyè má bàa kú irú ikú kan náà ni.

Ìyàwó Tíṣà wà níbẹ̀. Ó jókòó létí ilẹ̀kùn, báàgì rẹ̀ lórí itan. Wúyẹ́wúyẹ́ náà ti dé etí rẹ̀. Ó wá gbọ́ bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀bi ikú náà wà lọ́rùn ọkọ òun.

Àwòdì kò lè jókòó. Ó jókòó síhìn-ín, ó dìde. Ó lọ sójú fèrèsé, ó padà. Ó mu omi, ó tún mu omi. Omi tó mu lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó láti mú odò kan gbẹ. Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti kú, oorun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí àyà rẹ̀ bá sì ṣe ń já tó ni fáàrí rẹ̀ ń ga tó.

Òun nìkan ló mọ ìdí tí Tíṣà fi wọ ìkùukùu náà. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ fún un lórí rédíò, tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Bí ó bá jẹ́wọ́, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́. Bí ó bá dákẹ́, òkú ni yóò ru ẹ̀bi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tó ń wa bàálù tirẹ̀, rin ọ̀nà tirẹ̀ tán. Bàbá Alága ní, “Àwòdì, ó ku ìwọ.”

“Bàbá, tèmi ò gùn.” Ó na ẹsẹ̀ gàgà, ó dá òkè ẹfun náà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Orí òkè ni mo gbà. Ìkùukùu wo? Mo fi apá bàálù gé e bí ẹni gé búrẹ́dì.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

“Àbúrò mi,” ó ní, “lọ́jọ́ náà mo rí bàálù pupa kan nínú oko àgbàdo, níhìn-ín, lẹ́yìn odò. Kò tíì dé òkè rárá. Ẹnì kan dúró tì í, ó káwọ́ lérí.”

“Ẹlòmíì ni, Àǹtí.”

“Ta tún ló kọ ÀWÒDÌ sára bàálù rẹ̀ ní lẹ́tà tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ? Mo ti ń retí kí o sọ ọ́ fúnra rẹ.”

 Ìyàwó Tíṣà gbé ojú sókè wo Àwòdì. Ojú yẹn ni kò lè fara dà. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó sáré débi pé òjìji rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn pé kó dúró de òun.

Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì bá a. Kọ́kọ́rọ́ bàálù ló ń kì bọ ilẹ̀kùn mọ́tò.

“Ẹ fi mí sílẹ̀, Àǹtí.”

“Kí lò ń sá fún? Ẹ̀rù ìkùukùu kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi gan-an padà lọ́jọ́ náà.”

Ni ó bá bú sẹ́kún. “Tíṣà bi mí lórí rédíò pé báwo ni orí òkè. Inú oko àgbàdo ni mo wà, ṣòkòtò mi tutù fún ìbẹ̀rù. Ojú tì mí. Mo ní orí òkè mọ́ kedere, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ni. Ó ní, ‘O ṣé, ọmọ mi.’ Kò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, “N kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ. Irọ́ rẹ ló pa á.”

“Ṣé Ọlọ́run lè wo irú èmi yìí?”

“Gbọ́ mi. Ìwọ ní o la ìkùukùu kọjá, o ò là á. Jésù ni ẹni tó wọ inú ikú lọ ní tòótọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, tó là á já, tó sì padà wá sọ bí ọ̀nà ṣe rí. Kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Òpùrọ́ ló kú fún. Fáàrí ò lè gbé ẹrù yìí, àbúrò mi. Gbé e fún Jésù.”

Àwòdì kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Ẹnu tó lè parọ́ láti àárọ̀ títí dalẹ́ kò rí ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ sọ: “Jésù, èmi ni mo pa á. Ṣàánú mi. Gbà mí.”

Ó dìde, ó padà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó lọ dúró sórí ilẹ̀ lẹ́yìn odò ẹfun, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ sí Ìyàwó Tíṣà.

Obìnrin náà kò yára dárí jì í, n kò ní parọ́ fún ọ. Ó kàn ní, “Ọkọ mi béèrè ọ̀nà kó tó kọjá.” Ó sì sunkún, ẹkún ẹni tí wọ́n dá orúkọ ilé rẹ̀ padà fún. Bàbá Alága yíjú sí àwọn yòókù: “Ohun tí ojú yín ò bá rí, ẹ má ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó wà lókè. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ń pa wá.”

Òǹkàwé mi, ta ló sọ fún ọ pé ọ̀nà rẹ mọ́? Ọ̀rẹ́ ibi ọtí ni? Ẹni tó ní ikú jìnnà sí ọ ni? Ṣé òun ti kú, tó sì padà bọ̀? Inú oko àgbàdo lòun náà wà, tó ń fi fáàrí bo ìbẹ̀rù.

Ìkùukùu wà níwájú rẹ, òkè sì wà nínú rẹ̀. Má dúró di Sátidé tó ń bọ̀. Ọlọ́run ti rí ibi tí o fara pa mọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé sísá lo fẹ́ sá, sá wá bá Jésù lónìí, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ máa gbọ̀n tó.