Orúkọ Méjìdínlógójì

"Ṣé Mọ́mì yín ò wọkọ̀ Èkó mọ́ ni?" Àrìnpé béèrè bí òun àti Rodiat ṣe ń gba Ṣàpọ́n bọ̀ láti ilé-ìwé. "Àwọn ará ilé wa rí wọn láago mẹ́wàá àárọ̀ àná, wọ́n ń ra búrẹ́dì."

Rodiat kò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Wọ́n gba ìsinmi ni," ló fi dáhùn.

Irọ́ gbuu ni. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí Bùsírátù, ìyá rẹ̀, ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní àjọ aláàánú ńlá kan ní Ìkẹjà. Ọdún méjìlá ló fi ń jí ní ìdájí, tó ń sáré lọ wọkọ̀ ní Kútọ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ó ní ó ti sú òun kí òun máa jókòó sí ọ́fíìsì, kí òun máa kọ̀wé nípa abúlé tí òun kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń ṣe ọmọ aráyé lóore nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tí ẹni tó fẹ́ ṣàánú máa kà dópin. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ni òun fẹ́ máa gbà nímọ̀ràn, kí òun sì jẹ́ ọ̀gá ara òun. Ó gbé tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú pálọ̀, ó di ọ́fíìsì. Àwọn ará àdúgbò ní wọ́n lé e níbi iṣẹ́ ni. Ta ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu ayé?

Ẹgbẹ́ Bàbá Ògúnkọ̀yà ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún un. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò rí ilé-ìwé lọ ní ìwé kíkà, ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀dẹ́dá. Wọ́n fẹ́ tọrọ ìwé àti àtíbàbà tí òjò kò ní í wọ̀ lọ́wọ́ àjọ kan ní Èkó. Bí èyí bá yọrí, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn á gbọ́, wọ́n á wá. Bí kò bá yọrí, àfàìmọ̀ kí Bùsírátù má padà lọ bẹ̀bẹ̀ níbi tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Odindi ọjọ́ márùn-ún ni Bùsírátù fi ń ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn ní abúlé náà, tó ń kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ orí rẹ̀. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé òun kì í kọ iye èèyàn tí òun kò lè dárúkọ wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì.

Rodiat ló ń bá a tẹ lẹ́tà náà sórí kọ̀ǹpútà. Méjìdínlógójì péré? Ta ló máa dá irú ìyẹn lóhùn? Ó fẹ́ kí iṣẹ́ ìyá òun tóbi, kí ẹnu àwọn ará àdúgbò lè wọhò. Nígbà tí Bùsírátù ka lẹ́tà náà tán, tó ní kí ó fi ránṣẹ́, tí òun sì lọ kírun alásárì, Rodiat rọra fi oókan síwájú méjìdínlógójì. Ó di méjìdínlógóje. Ó fi ránṣẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí èsì fi dé: àwọn ará àjọ náà ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ. Bùsírátù jó yí tábìlì rẹ̀ po. Rodiat bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oókan tó fi kún lẹ́tà náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ògúnkọ̀yà dé tòun ti ẹ̀dà lẹ́tà tí àjọ náà fi ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ó ní ọgbọ́n Ìyá Rodiat pọ̀, òun ti lóye rẹ̀. Òun ti bá tíṣà abúlé kejì sọ̀rọ̀, wọ́n á yá àwọn ní ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ́jọ́ náà.

Bùsírátù gba ìwé náà, ó sì rí méjìdínlógóje níbi tí òun kọ méjìdínlógójì sí. Ó kàn béèrè ẹni tó fi oókan síbẹ̀.

Rodiat ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni, Mọ́mì. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yín tóbi lójú wọn ni."

"Rodiat, n kò ní ṣọ́ọ̀bù, n kò sì ní ọ̀gá tí mo lè sá sí lẹ́yìn mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan lọjà tí mò ń tà."

Lójú wọn níbẹ̀ ló ti pe Arábìnrin Ẹfúnkẹ́mi, ọ̀gá àwọn tó ń bọ̀. Ó ní àṣìṣe wà nínú lẹ́tà, méjìdínlógójì ni àwọn ọmọ náà, ọwọ́ òun ni àṣìṣe náà sì ti wá. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá. Èyí ló dun Rodiat jù: ìyá rẹ̀ ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Arábìnrin náà ní àwọn máa rò ó wò bóyá àwọn ṣì ń bọ̀. Bàbá Ògúnkọ̀yà mi orí, ó sì lọ láìdágbére.

Ṣùgbọ́n wọ́n wá. Rodiat tọrọ àyè nílé-ìwé, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò náà ló ti kúnlẹ̀ níwájú àlejò. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, Mọ́mì mi kọ́ ló ṣe àṣìṣe yẹn. Èmi ni mo fi kún un lẹ́yìn wọn."

Arábìnrin Ẹfúnkẹ́mi wò ó, ó ní kó dìde. Ó gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ Bùsírátù, ó ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ náà sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó kan Adétáyọ̀, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Bàbá Ògúnkọ̀yà wúkọ́, ó ń ṣẹ́jú sí ọmọ kan pé kó dáhùn.

Bùsírátù dìde. "Adétáyọ̀ bá bàbá rẹ̀ lọ sóko láàárọ̀ yìí, mà. Mẹ́tàdínlógójì la jẹ́ lónìí."

Àlejò náà fi bírò sílẹ̀. "Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni ó wí. "Ṣe ni iye tí wọ́n ń kà fún mi máa ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rí tó fi ẹnu ara yín dín in kù lẹ́ẹ̀mejì."

Kí oṣù tó parí, ìwé ọmọ méjìdínlógójì ti dé, ti Adétáyọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń kan àtíbàbà náà. Ẹgbẹ́ méjì mìíràn sì ti wá jókòó ti tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Arábìnrin Ẹfúnkẹ́mi ló júwe ilé fún wọn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Ti Rodiat kò tilẹ̀ pé oṣù kan. Ó ti wá mọ̀ pé ohun kékeré tó jẹ́ òótọ́ níyì ju ńlá tó jẹ́ irọ́ lọ, àti pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí òun àti Àrìnpé tún jọ ń gba Ṣàpọ́n bọ̀, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ lọ́jọ́sí. Mọ́mì mi ò gba ìsinmi. Wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn báyìí."

"Níbo ni ọ́fíìsì wọn wà?"

"Nínú pálọ̀ wa," ni Rodiat wí, ó sì gbé orí sókè. "Yà wá wò ó."