Ìkéde Omi Tí Ọ̀ṣúnwùmí Kò Gbà Gbọ́

Nígbà ayé Ògúnsànyà, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀ bí ìròyìn àárọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Ọ̀ṣúnwùmí, ìyàwó rẹ̀, á rọra máa gbálẹ̀ kí ariwo ọwọ̀ má baà bo ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àtìgbà tí baálé ilé ti kú, kò sẹ́ni tó ra bátìrì sí rédíò náà mọ́. Ohun tí Fọlákẹ́mi, ọmọ wọn, bá rí lórí fóònù ni ìròyìn ilé.

Etí Odò Ògùn, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ ni Ọ̀ṣúnwùmí ti ń pa àdìrẹ láró kó tó gbé e lọ tà ní Ìtòkú. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ tán, ẹ̀yìn ń ro ó, nígbà tí Olúbọ̀dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, wọlé.

"Ìyá Fọlákẹ́mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ gbọ́ ìkéde àárọ̀ lórí rédíò? Wọ́n ní kí ará etí odò kó lọ sókè. Omi ń bọ̀."

"Tíṣà, ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé ẹsẹ̀ yìí ló máa ru ẹrù gun òkè?"

Fọlákẹ́mi na fóònù sí wọn. "Mọ́mì, irọ́ ni o. Ẹ gbọ́ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù."

Ohùn ọkùnrin kan jáde: òṣìṣẹ́ ibi ìsédò, níbi tí wọ́n ti ń sé omi odò, lòun, kò sómi tó ń bọ̀, ilẹ̀ aráàlú ni ìjọba fẹ́ gbà.

Ó ti rẹ Ọ̀ṣúnwùmí. Ọ̀rọ̀ tó ní kó jókòó jẹ́ẹ́ ló bá a lára mu.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, omi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti mù wọ́n dé orúnkún. Ìkòkò aró fọ́, omi sì gbá aṣọ oṣù méjì lọ. Fọlákẹ́mi fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ lásán rìn títí dé ilé Tíṣà l'Òwu.

Tíṣà kò bá wọn wí. Ó fún wọn ní aṣọ gbígbẹ, ó ní, "Fọlákẹ́mi, tẹ ohùn yẹn kí n gbọ́ ọ dópin."

Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Ọkùnrin náà fi "ẹ kú ìmúra Iléyá" parí ọ̀rọ̀.

"Iléyá wo?" ni Tíṣà bi í. "Iléyá ti kọjá láti oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń pín kiri. Kò sì dárúkọ ara rẹ̀. Ta lo máa wá lọ bi báyìí?"

Fọlákẹ́mi bú sẹ́kún. "Bàbá, èmi náà ti fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn ládùúgbò."

"Fóònù kọ́ lọ̀tá, ọmọ mi. Iléeṣẹ́ rédíò yẹn gan-an wà lórí fóònù ọwọ́ rẹ, ìkéde náà sì wà níbẹ̀. Pe àwọn ogún èèyàn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kíá."

Ó pè wọ́n. Jùbrílù, aládùúgbò wọn, ló gbé fóònù gbẹ̀yìn: orí òrùlé ló wà, òun àti ọmọ méjì. Tíṣà pe àwọn adóòlà ẹ̀mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé orí ilẹ̀ láàyè.

Ọ̀ṣúnwùmí ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí aró ti pa dúdú.

Ẹ̀yin ará wa, bí ìròyìn bá dé sórí fóònù yín, ẹ bèèrè pé ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sì sọ ọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu iléeṣẹ́ ìròyìn tàbí lọ́dọ̀ àwọn tọ́rọ̀ kàn. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Bí wọ́n bá sì kéde omíyalé, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ dìde. Aṣọ ṣeé tún pa láró. Ẹ̀mí kò ṣeé tún rà.