Píónì Ìdí Ògiri Òkúta

Ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ewé igi ń wọ́ dà nù, ẹnì kan wọ ọgbà òdòdó ìyá Halvar, ó sì hú ìdajì ìdí òdòdó píónì rẹ̀ lọ. Kò tọrọ, kò sì tiẹ̀ di ihò náà dáadáa. Ní ọdún kẹta, píónì yọ òdòdó nílé kejì, ní ìdí ògiri òkúta Sixten àti Gunvor ìyàwó rẹ̀. Pupa kan náà ni, tó ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀, tí òdòdó kọ̀ọ̀kan sì tóbi tó ìkúùkù méjì. Irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn ní abúlé náà.

Halvar kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Kíkí nìkan ni kò kí Sixten mọ́. Bí wọ́n bá pàdé nídìí àpótí lẹ́tà, Halvar á gbójú sókè bí ẹni tí òjò ń pè. Ogójì ọdún gbáko! Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ylva, ọmọ ọmọ Halvar, ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ló dàgbà sí, ó sì mọ ìtàn náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. "Ìyá" ni wọ́n ń pe igi òdòdó náà nílé wọn, gbogbo abúlé sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

"Kí ni wọ́n jí níbí, Ylva?" Halvar á béèrè bó bá ń túlẹ̀.

"Ìdajì Ìyá, Bàbá Àgbà."

"Ta ló jí i?"

"Ẹni tí a kì í kí."

Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Ní agbègbè yẹn, bí wọ́n bá fún ọ ní ohun ọ̀gbìn, o kò gbọdọ̀ dúpẹ́, nítorí wọ́n ní ọpẹ́ máa ń jẹ́ kó kú. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ṣàwàdà nídìí kọfí pé èyí tí a bá jí gan-an ló ń hù jù. Halvar kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà yẹn.

Ohun tó mú kí píónì ṣe pàtàkì ni òpó Àjọ̀dún Àárín Ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ilé ló ń mú òdòdó wá láti ọgbà wọn láti fi ṣe òpó náà lọ́ṣọ̀ọ́, kí wọ́n tó gbé e dúró ní pápá, kí tọmọdé tàgbà sì jó yí i ká. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ló ń ṣe adé orí rẹ̀. Bí òpó bá ń gòkè, ẹni tó ń darí rẹ̀ á kígbe pé, "Adé ta ni?" Àwọn ènìyàn á sì dáhùn pé, "Ti ilé Halvar ni!" Báyìí ni wọ́n ti ń dáhùn fún ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọrùn Halvar máa ń gùn sí i. Lọ́dún yìí ni Ylva yóò kọ́kọ́ dá nìkan ṣe adé náà.

Àfi bí òru irin ṣe dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe òru tí ìrì dídì bá já lu ọgbà nígbà tí oòrùn ti ń mú. Halvar da kúbùsù mẹ́rin bo Ìyá, síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìrùdí òdòdó náà ti dúdú bí ẹ̀wà tó jóná. Ó ṣí fìlà rẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú òkú.

"Lọ́dún yìí, kò sí adé," ló wí.

"A lè fi òdòdó mìíràn ṣe é, Bàbá Àgbà. Lúpínì wà níbẹ̀ yẹn."

"Kí n gbé koríko gun orí òpó, kí wọ́n tún máa pe orúkọ mi? Ó tì o!"

Láti ọjọ́ náà, kò jẹun dáadáa mọ́. Ylva ń wò ó bó ṣe ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀, lójú fèrèsé yàrá òkè, ọmọbìnrin náà ń rí ìdí ògiri òkúta Gunvor. Ògiri náà ti gba ooru oòrùn pamọ́ fún òdòdó rẹ̀ ní òru irin. Mẹ́sàn-án ló ti tanná, wọ́n ń dán bí ọba.

Láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, Halvar lọ bá àwọn ọkùnrin gbẹ́ ihò òpó. Gunvor, tó ń dá gbé ilé rẹ̀ báyìí, náà gun kẹ̀kẹ́ lọ ra èso sitirọ́bẹ́rì. Ylva mú ọ̀bẹ.

"Tiwa ni," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ta ló ń jí ohun ìní ara rẹ̀?"

Ó gé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó fi ewé tútù dì wọ́n mọ́ra, ó gbé adé náà lọ sí pápá.

Nígbà tí Halvar rí i, ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Níbo lo ti rí i?"

"Ó kù díẹ̀ lábẹ́ kúbùsù, Bàbá Àgbà. Ẹ ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa ni."

"Börje! Börje, wá wò ó!" Halvar gbé adé náà sókè. "Ìrì dídì ò tó bẹ́ẹ̀! Píónì ìyá mi rèé! Ọmọ yìí ló ṣe é!"

Börje, tó máa ń darí òpó, fọwọ́ kan adé náà. "Halvar, o ò ní jẹ́ ká sinmi títí ọdún tó ń bọ̀."

"Títí ọdún mẹ́wàá!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ylva náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń fọ́nnu tó ni ojú ń tì í tó.

Ìgbà náà ni Gunvor dé. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú koríko, ó rìn tààrà wá bá Halvar. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí láti ogójì ọdún.

"Halvar, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ fún mi ní ẹyọ kan lára òdòdó yín. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé gbogbo tèmi. Mo máa ń mú un lọ fún Sixten nílé àwọn arúgbó. Dókítà ní bóyá ni yóò tún rí àjọ̀dún mìíràn."

Halvar kò wo ojú rẹ̀. "Lọ bi ọkọ rẹ bó ṣe máa ń rí tirẹ̀."

Gunvor tẹ orí ba. Ó yí padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Màmá Gunvor, ẹ dúró!" Ohùn Ylva ròkè ju bó ṣe rò lọ. "Tiyín nìyẹn. Èmi ni mo gé e. Tiwa ti kú, kò ku ẹyọ kan. Mo parọ́ fún Bàbá Àgbà."

Halvar wo adé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ náà. Ọrùn tó gùn tẹ́lẹ̀ wọlé.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ló bi àwọn ènìyàn. "Kò sẹ́ni tó mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, lójú gbogbo yín. Ọmọ mi nìyẹn." Ó wá kọjú sí Ylva. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Ohun tí a bá jí kì í di tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀. Bó o bá fẹ́ ẹ, tọrọ. Ẹni tó tọrọ tí wọn ò fún, orí rẹ̀ á ṣì wà lókè."

Ó na adé náà sí Gunvor. Gunvor fa mẹ́ta yọ.

"Mẹ́ta tó Sixten," ló wí. "Ẹ gbé ìyókù lọ sórí òpó."

Wọ́n so adé náà. Àwọn ọkùnrin fi èjìká ti òpó, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Börje kígbe bó ti máa ń kígbe: "Adé ta ni?"

Àwọn ènìyàn yíjú sí Halvar. Halvar gbé orí sókè, ó sì ké: "Ti ilé Gunvor ni!"

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Rárá!" Gunvor ké, píónì mẹ́ta náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá lè sọ tirẹ̀, kí ni mo ń dúró dè?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí ti lọ fún ogójì.

"Halvar, kì í ṣe Sixten," ni Gunvor wí. "Mo jẹ́ ìyàwó tuntun, ọgbà mi ṣófo, mo sì gbọ́ pé èyí tí a bá jí ló ń hù jù. Ìyá yín ì bá fún mi ká ní mo tọrọ. Sixten mọ̀. Ó dákẹ́ kí ojú má bàa tì mí, ẹ sì kọ̀ láti kí i fún ogójì ọdún nítorí ohun tí kò ṣe. Èmi ni. Èmi ni mo jí ìdajì Ìyá."