Ìlẹ̀kùn Tí Dókítà Ìyùnadé Gbìn

Ìlẹ̀kùn náà ń dàgbà. Inú ọpọ́n omi dúdú kan ló wà, nínú àgọ́ Ọ̀gá Làmídì, ó sì ti tóbi ju bó ṣe wà lánàá lọ. Bí ènìyàn bá ju ìṣó sínú omi náà, ìṣó á poora kó tó kan ìsàlẹ̀. Dókítà Ìyùnadé ló ṣe é. Irin-ẹlẹ́mìí ló pè é: irin tó ń jẹ irin, tó ń hù, tó sì ń wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn. Ṣé ẹ rí i, ọmọ aráyé kì í rí ohun tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ kó má wá ẹnu fún un.

Láyé ìgbà náà, Àjọ Ayọ́rin ti kó irin àtijọ́ gbogbo lọ yọ́, wọ́n fi kọ́ Àkàbà Òfuurufú tí àwọn ènìyàn ń gùn lọ sí òṣùpá bí ẹni ń lọ kí àna. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ nígboro kò ní irin lára, kò ní táyà, kò sì ní ariwo. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣoṣo ló kù ní ìlú Òkè-Ìdẹra, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rogodo, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, èyí tí ìyá-ńlá Alàgbà Ṣówándé fi ń gbẹ̀bí kiri abúlé. Orí àga ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n bí bàbá Alàgbà sí. Alàgbà fẹ́ràn ọkọ̀ náà débi pé ó máa ń kí i láàárọ̀ kó tó kí aládùúgbò.

Òfin àjọ náà kò lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ara rẹ̀ bá pé, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ẹni tó ni ín ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí láé. Èyí tí ara rẹ̀ kò bá pé, iná ni wọn yóò sọ ọ́ sí. Ọ̀sán ọjọ́ yìí ni aṣojú àjọ ń bọ̀ wá wo ìjàpá Alàgbà.

Ọ̀gá Làmídì nìkan ló ṣì ń tún ara ọkọ̀ onírin ṣe ní gbogbo agbègbè náà, ó sì ti wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ yìí káàkiri. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó rí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti fi bo ilé adìẹ. Ó rí fẹ́ńdà tí ewúrẹ́ ń mumi nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn awakọ̀ ni kò rí, èyí tó wà lára ọkọ̀ sì ti dípẹtà débi pé ó ń rún mọ́ni lọ́wọ́. Ìgbà náà ni Alàgbà gbà kí Ìyùnadé, ọmọ rẹ̀, gbin ọ̀kan.

Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ nípọn gbé ìlẹ̀kùn jáde, omi ń kán lára rẹ̀. Ọ̀gá Làmídì nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Alàgbà, ẹ wọlé kí ẹ jókòó sídìí ọkọ̀."

"Jókòó kẹ̀?" ni Ìyùnadé wí. "Ara ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án títí yóò fi ṣíwọ́ híhù."

"Dókítà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ọkọ̀ tó ti gbó, ìgbà tí ẹni tó ni ín bá jókòó sínú rẹ̀ ni ara rẹ̀ ń wálẹ̀. Ìlẹ̀kùn téèyàn bá dè mọ́ ọn lófìfo, ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá wọlé ni kò ní pa dé mọ́. Ṣé ojú aṣojú yẹn lẹ fẹ́ kó ti ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ gbé òkúta sórí àga."

"Ṣé òkúta ló ni ọkọ̀ ni?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ti jókòó. Ìyùnadé mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Irin-ẹlẹ́mìí kì í béèrè ibi tí irin ti wá, irin sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ó ti rí eku tó kú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, bàbá rẹ̀ kò ní gba ìlẹ̀kùn náà, wọn yóò sì gbé ọkọ̀ lọ sínú iná. Ó ṣáà ti fi agbọ̀n ìṣó kan bọ́ ìlẹ̀kùn náà láàárọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irin náà ti yó.

Ọ̀gá Làmídì de ìlẹ̀kùn, ó sì wọ wẹ́kú. Inú Alàgbà dùn, ó gbé ìgunpá lé ojú fèrèsé bíi ti àwọn awakọ̀ inú àwòrán àtijọ́.

"Ó gbóná díẹ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyùnadé, apá mi ò ṣeé gbé mọ́."

Àlàfo tó wà láàárín ìlẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ ti ń dí. Ètè bàbá náà ń funfun. Ọ̀gá Làmídì da ìṣó lé ìlẹ̀kùn náà, ó jẹ wọ́n tán, síbẹ̀ kò tú apá sílẹ̀. Ọ̀gá Làmídì fa ayùn oníná yọ, ó fi ń gé irin náà. Bó ṣe ń gé e ló ń jinná, bó sì ṣe ń jinná ni Alàgbà ń kérora.

"Ẹ dúró!" ni Ìyùnadé ké. "Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ló fi ń jinná!"

Làmídì yíjú sí i. "Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀."

Kò sí àyè fún èébú. Ìyùnadé wo bàbá rẹ̀, tí orí rẹ̀ ti ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ ojú ibi tí ayùn gé. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ lágbára ju ti arúgbó lọ, irin náà sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tú apá Alàgbà sílẹ̀, bàbá náà sì ṣubú sórí àga kejì. Irin pa dé mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá Làmídì, ẹ gé e."

"Ìlẹ̀kùn?"

"Tí ẹ bá gé ìlẹ̀kùn, èmi ni yóò fi jinná. Ọwọ́ mi ni kí ẹ gé."

Làmídì, tó ti ń gé ara ọkọ̀ láti kékeré, bú sẹ́kún. Ó gé e.

Nígbà tí aṣojú àjọ fi dé, ẹ̀rọ aṣètọ́jú ti dí ojú ọgbẹ́ náà, Ìyùnadé sì ń sùn nínú àgọ́. Aṣojú náà yí ọkọ̀ po, ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó tì í. Irin náà ti yó, àlàfo rẹ̀ gún régé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ara rẹ̀ pé."

"Ẹ gbé e lọ yọ́," ni Alàgbà wí.

"Háà! Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti di tiyín títí láé." Ó kí wọn, ó lọ.

Alàgbà wọ inú àgọ́. Ìyùnadé la ojú.

"Bàbá, ṣé ẹ ti fún un ní nǹkan jẹ?"

Alàgbà mi orí pé rárá.

"Ẹ lọ fún un. Ebi ò gbọdọ̀ pa á mọ́."

Alàgbà gbé agbọ̀n ìṣó jáde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń fún un jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, omijé ń dà lójú rẹ̀.