Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Harkema

"Àwọn ìka yìí wọ́ bíi gbòǹgbò igi," ni Floris wí, bó ti ń wo ìlà tí àbúrò rẹ̀ fà sórí àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Aleida, jẹ́ kí wọ́n tọ́ díẹ̀. Ta ló fẹ́ máa rí irú ọwọ́ yìí lára ògiri yunifásítì?"

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Aleida. Govert bàbá wọn, tí gbogbo ìlú Leiden mọ̀ sí ayàwòrán, ti ya ojú, irùngbọ̀n àti kọ́là funfun Ọ̀jọ̀gbọ́n Harkema kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló kù, ó sì fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o yà," ló sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ọ́ létí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ jáde síta nìyí, ó sì fẹ́ kí aráyé yìn ín. Ó ya ìka márùn-ún gbọọrọ, tó ń dán bí àbẹ́là.

Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó ṣí fìlà, ó wo àwòrán náà títí.

"Ojú mi rèé," ló wí. "Ọwọ́ ta wá ni èyí?"

Govert, tó jókòó tòun ti kúbùsù lọ́rùn, la ẹnu láti gba ẹ̀bi náà. Aleida ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni mo yà á, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá mi ò mọ̀ sí i. Mo fẹ́ kó lẹ́wà ni. Ẹ má bínú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó náà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ìwé atúmọ̀ èdè mi. Nígbà tó dé ìdajì, ìka mẹ́ta ká, wọn ò nà mọ́. Oníṣègùn ní kí n jáwọ́. Mo fi méjì tó kù di kálàmù mú. Ọmọ mi, bó o bá mú ìka wọ̀nyí kúrò, ta ló kọ ìwé náà?"

Omi bọ́ lójú Aleida. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọwọ́ náà lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ni, ọ̀dà kì í tètè gbẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde, tó yẹ kí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́, ìṣó lásán ló wà lára ògiri gbọ̀ngàn yunifásítì. Àwọn èèyàn ń kùn. Aleida sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Harkema dìde. "Ẹ ní sùúrù," ló wí. "Ọwọ́ mi ṣòro yà, ẹni tó mọṣẹ́ ló sì ń yà á."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àràárọ̀ ló ń wá jókòó fún Aleida, tó ń fi ọwọ́ òsì jẹ búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀, tó sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ níbi ojú. Ibi ọwọ́ tí ìka rẹ̀ ká yẹn ni wọ́n máa ń dúró sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àpá tí iṣẹ́ rere bá dá síni lára, iyì ni. Ẹ má ṣe fi irọ́ bò ó nítorí àtigba ìyìn. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹlòmíràn má baà ru ẹ̀bi yín.