Ohun Tí Wọ́n Bá Nínú Àgbò Mọ́ríátù

Mọ́ríátù ń bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ń tà sínú náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀, Sofiyullah, ké sí i láti ẹ̀yìnkùlé pé àgbò Iléyá kò lè dìde mọ́. Ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ àgbò yìí ládùúgbò wọn ní Ìlobù, nítorí Mọ́ríátù a máa tú u sílẹ̀ kí ó jẹ̀ káàkiri, a sì máa fi í yangàn.

Ikùn àgbò ti wú, ó ń payín keke. Mọ́ríátù kò wádìí. Àná ló rí i tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ọ̀ṣungbèmí, aládùúgbò wọn tó dàgbà tó láti bí i, tó sì ń bọ Ọ̀ṣun bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Mọ́ríátù já lọ bá a níta, kò kúnlẹ̀, kò kí i.

"Ìwọ ìyá yìí, májèlé wo lo fún àgbò mi?"

Àwọn tó ń kọjá dúró. Ta ló ń pe àgbà ní ìwọ? Ìyá náà rọra dáhùn pé èèpo iṣu kan náà ni ewúrẹ́ òun jẹ, ewúrẹ́ náà sì nìyẹn tó ń fò kiri.

"Ewúrẹ́ ẹni tó po májèlé kì í jẹ ẹ́," ni Mọ́ríátù fi dá a lóhùn.

Sofiyullah ti ránṣẹ́ pe Jàlálù, alápatà láti Ìfọ́n, kí ẹran má baà kú sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Jàlálù dé, ó ṣe Bìsìmílà, ó dú àgbò. Mọ́ríátù ní kí ó la ikùn rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí wọ́n lè rí májèlé.

Jàlálù là á. Òkìtì náílọ́ọ̀nù ló yọ jáde, ó lẹ̀ mọ́ra bí ìrọ̀rí. Ó da omi sí i, ó ń tú u. Òwú búlúù ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, òwú láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Sofiyullah, tí Mọ́ríátù fi ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fi òwú búlúù di ọ̀lẹ̀lẹ̀ ládùúgbò.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn: "Májèlé ọ̀hún dára o, wọ́n tún fi òwú dì í lẹ́nu."

Jàlálù kò rẹ́rìn-ín. "Òórùn epo àti iyọ̀ ló ń fa ẹran," ló wí. "Náílọ́ọ̀nù kì í dà nínú, kì í jẹrà. Á máa pọ̀ sí i títí yóò fi dí ọ̀nà oúnjẹ pa. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó máa sun ún o. Èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà ọmọ yín."

Mọ́ríátù kò lè gbójú sókè. Ewé ló ń lò tẹ́lẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ nítorí náílọ́ọ̀nù kì í jò, kò sì gba fífọ̀. Èyí tí àwọn oníbàárà bá jù sílẹ̀, á gbá a sẹ́yìn ọgbà, ó parí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ nínú yàrá Ìyá Ọ̀ṣungbèmí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ forí jì mí."

"Mo gbọ́," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n ìta gbangba lo ti bú mi, Mọ́ríátù. Inú yàrá kọ́ ni wàá ti bẹ̀ mí."

Mọ́ríátù bá a jáde, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn tó ń ra ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà ní kó dìde. Láti ọjọ́ náà, ó ń jẹ́ kíkí Mọ́ríátù, ṣùgbọ́n kò jókòó tì í mọ́. Mọ́ríátù àti ọkọ rẹ̀ ṣọdún láìní àgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ike àti náílọ́ọ̀nù wúlò, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a jù nù kò tíì lọ. Ẹ padà sí ewé àti abọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ kó ìyókù sínú àpò, kí ẹ so ó níbi tí ẹran kò ti lè dé, títí àwọn tó ń ṣa ike yóò fi wá gbé e. Kí ẹ tó nàka sí aládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ọgbà yín.